Bátìrì ọkọ̀ Bàbá

Ọjà Kútọ̀ ni mo wà láàárọ̀ yìí, nítorí bátìrì ẹ́ńjìnnì oníná tí a fẹ́ so mọ́ ọkọ̀ apẹja Bàbá mi. Mo ti nawọ́ sí bátìrì olómi, 12V, 100Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́), kí bọ̀dá tó ń tà á tó ní, “Àbúrò, ìdajì rẹ̀ ni kó o máa lò o, kó má baà tètè kú.” 30A ni ẹ́ńjìnnì wa ń fà, ìdajì yẹn ò lè tó wákàtí méjì, odò Ògùn sì le lásìkò òjò! Mo fowó kún un, mo mú LiFePO4, irú bátìrì lítíọ́mù kan tí a lè lò kọjá ìdajì láìséwu. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e.

Ṣájà àtijọ́ ilé ńkọ́? Bọ̀dá ní rárá, 14.6V ni ṣájà bátìrì yìí kò gbọdọ̀ kọjá. Mo mú tirẹ̀, 20A, kó lè kún ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí.

Bàbá ti gbé bátìrì náà lé itan báyìí, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún.