Owó Lo Fi Ń Dí Ihò?

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀.

Ẹ̀yìn ń ro mí débi pé orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Láti aago méje àárọ̀ ni èmi àti àbúrò mi ti wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, títí oòrùn Houston fi sọ ọ́ di ààrò búrẹ́dì mọ́ wa lórí. Ṣùgbọ́n síìtì tó gbẹ̀yìn ti jáde. Mẹ́jọ péré ni wọ́n, ẹnu ara mi ni mo sì fi sọ fún àbúrò mi pé wákàtí méjì ti tó fún un. Sátidé kẹta rèé.

Gbàǹjo ni mo ti rà á lóṣù tó kọjá, 4,600 dọ́là. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì ilé-ìwé gbọọrọ tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù. Kúkúrú ni, irú èyí tí wọ́n kan ara rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ Ford E-350. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alárìnkiri ni mò ń ṣe: ọ̀sẹ̀ 13 ní ilé-ìwòsàn kan, ó parí, ó di ìlú mìíràn. Gbogbo ibi tí mo bá dé ni mo ti ń wá yàrá, tí mo ń san owó àsansílẹ̀, tí mo ń kó ìkòkò kan náà sínú páálí kan náà. Lọ́dún tó kọjá mo jókòó ṣírò rẹ̀, ó wá hàn sí mi pé onílé ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ti wọlé: kí n sọ ọ́ di ilé tí màá máa gbé kiri.

Fídíò tí àwọn òyìnbó ń ṣe lórí nǹkan yìí kò lóǹkà. Skoolie ni wọ́n ń pè é. Nínú fídíò, wọn á fi síìtì hàn ẹ́, orin á dún díẹ̀, síìtì ò sí mọ́. Irọ́ ni. Bọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó kan síìtì yẹn kàn án pé bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ dojú dé, kò gbọdọ̀ bọ́. Bọ́ọ̀tì gba inú rọ́bà, ó gba pákó, ó gba irin, wọ́n wá fi nọ́ọ̀tì dè é lábẹ́ ọkọ̀. Ẹnìkan á fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́, á fi sípánà di nọ́ọ̀tì mú, ẹnìkan á wà lókè tí á máa tú. Omi bàtà ọmọ àti omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ sì ti ń ṣàn síbẹ̀ láti ọdún yìí wá, bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì ti di ọmọ ìyá. A tú u, ó kọ̀. A bu òróró sí i, a jẹun, a padà dé, ó ṣì kọ̀. Àbúrò mi, tó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìwó Róòdù kó tó sọdá síbí, ló ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gé e jàre." Grinder ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà níbí, fáìlíìnì mẹṣíìnì lòun ṣì ń pè é. Iná tó ń ta pàràpàrà lára irin jó ihò mẹ́ta sára fìlà rẹ̀. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá bi òun, àṣà tuntun ni.

Ìdí síìtì ni mo ti pẹ́ jù, tí ó fi ń kùn sí mi. Pẹ́ńsù mẹ́sàn-án. Ìlẹ̀kẹ̀ irun ọmọdébìnrin. Ṣingọ́ọ̀mù tó ti di òkúta. Bátìrì kan wà níbẹ̀ tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Àbúrò mi ní ti aago ni. Mo yí i padà, mo rí ihò tín-ín-tìn-ìn-tín lára rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo mọ̀ pé kì í ṣe ti aago. Ti ẹ̀rọ tí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa ń fi sétí ni.

Àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara ni irú bọ́ọ̀sì kúkúrú báyìí sábà máa ń kó. Kó tó di 1975 tí Amẹ́ríkà ṣòfin pé ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gbà wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn, ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Irin tóóró mẹ́rin nà sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ yìí, ihò lọ lára wọn bí ihò fèrè. Ara wọn ni wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tí kò lè rìn mọ́. Bẹ́líìtì kan ṣì há sínú ọ̀kan. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe ń fà á wò fún aláìsàn. Àwọn ọmọ ibí sì máa ń fi bọ́ọ̀sì kúkúrú bú ara wọn. Títí di òní, mi ò rí èébú tó wà nínú rẹ̀. A máa yọ ẹ̀rọ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wọlé, irin rẹ̀ ti wúwo jù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tó fẹ̀ gbàràmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mi ò ní dí.

Nígbà tí a ká rọ́bà ilẹ̀, pákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ẹní tí ọmọ ti ń tọ̀ sí látèṣín. Irin ìsàlẹ̀ dípẹtà, àmọ́ kò tíì jẹ dénú. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, a fi ásíìdì tó ń pa ìpẹtà kùn ún, ó di dúdú. Apá iwájú ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí dí ihò lọ́sàn-án òní.

Síìtì 8, bọ́ọ̀tì mẹ́rin mẹ́rin nílẹ̀, ihò 32. Pẹ́nì, owó ẹyọ sẹ́ńtì kan ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń dí i. Mi ò ṣeré. Ó fẹ̀ ju ihò lọ, ó pẹlẹbẹ, kò sí wáṣà tó pọ́ tó o. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń ná ju sẹ́ńtì 3 lọ kó tó rọ ẹyọ kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2025. Mo fi sílíkóònù yí ẹnu ihò po, mo gbé pẹ́nì lé e, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí sílíkóònù fi pọ̀ jáde yíká etí rẹ̀, mo fi ìka nù ún. Ojú Lincoln, ààrẹ àtijọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà lára pẹ́nì, ni mo ń kọ sókè.

Ìgbà tí mo ń tẹ ìkọkànlá ni Màmá pè láti Ìbàdàn, pẹ̀lú fídíò. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò kí mi tán tí wọ́n fi ní kí n yí fóònù ká. Mo yí i. Wọ́n wò ó, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Agbèrò ló ń sùn nínú mọ́tò."

Wọn ò parọ́. Nígbà tí a wà ní Mushin, a máa ń rí wọn tí wọ́n na ara sórí ìjókòó dànfó láàárọ̀ kùtù, tí ẹsẹ̀ yọ láti wíńdò. Àwọ̀ ọkọ̀ tèmi náà ò ràn mí lọ́wọ́, yẹ́lò bíi ti dànfó ni. Ìpàdé kan ní Yunifásítì Columbia ní 1939 ni wọ́n ti mú àwọ̀ yẹn fún bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, nítorí lẹ́tà dúdú máa ń hàn lórí rẹ̀ ní ìdájí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ pa á dà, kí ọlọ́kọ̀ míì má bàa dúró dè ọ́ pé ọmọ fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Aró ni mo fẹ́ kùn ún.

Mo ní kí Màmá rántí yàrá wa ní Mushin. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní méjìlá, àwa mẹ́fà. Bọ́ọ̀sì yìí, láti ẹ̀yìn awakọ̀ dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bàtà 15 ní 7 àti ààbọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, èmi nìkan sì ni. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń fi orin sí nínú fídíò yẹn, Màmá ni mo ti kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ wọn: ká ẹní láàárọ̀ kí yàrá di pálọ̀, gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù kí àpótí mẹ́ta lè wọ abẹ́ rẹ̀, ta kọ́tìnì sáàárín tí àlejò bá dé, fi ìṣó kọ́ ohun tí kò ráàyè nílẹ̀. Àpótí ìrẹsì pàápàá ni àga tèmi. Mo rò pé mo ti rí ọ̀rọ̀ tó máa mú wọn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "A ò lówó ni."

Ilé tí wọ́n wà yẹn ní Mọníyà, ọdún mọ́kànlá ni bàbá wa fi kọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀, lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì ló dúró sí. Nítorí kí a lè kúrò nínú yàrá kan ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tẹ pẹ́nì kan mọ́lẹ̀, mo tún tẹ òmíràn.

"Kí lò ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn?"

"Owó ni, Màmá. Pẹ́nì."

"Owó lo fi ń dí ihò?" Wọ́n ní kí n gbé fóònù súnmọ́ ọn. Wọ́n pe ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn kó wá wò ó. Ẹ̀rín dé. Àbúrò mi lábẹ́ ọkọ̀ ń pariwo pé kí wọ́n bá òun bẹ̀ mí, ebi ń pa òun.

A dí 21 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí ìjókòó ẹ̀yìn ló kù, níbi tí ásíìdì kò tíì gbẹ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohùn tí Màmá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ní ẹnu ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí n gbé sítóòfù sí, n ò gbọdọ̀ gbé e sẹ́bàá ibùsùn, ṣé mo gbàgbé ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fún àwọn èèyàn lójú oorun ni. Èmi nọ́ọ̀sì. Wọ́n tún ní kí n má fi ọ̀dà dúdú kun òrùlé o, dúdú máa ń fa oòrùn. Mi ò tíì dá wọn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ aró.

Ihò 11 ló kù, pẹ́nì mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Tí a bá jáde ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, máa tọrọ méje lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹgbẹ́.