Láti Kàbà dé èbúté Cobh

Ní Kàbà tiwa, bí ọmọ bá ń lọ sókè òkun, ìdágbére kì í tán bọ̀rọ̀. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí Cobh ní Ireland wọ̀ mí lọ́kàn ju Kinsale lọ, ìlú etí òkun mìíràn níbẹ̀, bí Kinsale ti lẹ́wà tó. Láti èbúté Cobh ni èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 ti wọkọ̀ kúrò ní Ireland láàárín 1848 sí 1950. Ọkọ̀ òkun Titanic náà yà níbẹ̀ gbẹ̀yìn, ní 1912.

Ère Annie Moore ni mo dúró tì pẹ́ jù. Ọmọ ọdún 17 péré, òun ló kó àbúrò ọkùnrin méjì sọdá òkun! Ní 1892, òun ló kọ́kọ́ gba Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń yẹ àwọn aṣíkiri wò, wọ Amẹ́ríkà. Àwọn òbí wọn ti wà ní New York.

Ẹ̀yin ará ilé tó wà ní Dublin, ẹ wọ rélùwéè dé Cork, kí ẹ wọ òmíràn lọ Cobh. Etí omi gan-an ló ń já èrò sí.