Òjò àná wọ táǹkì ẹja mi

Sátidé. Òjò tó rọ̀ ní Tanke, Ìlọrin, lálẹ́ àná kì í ṣe kékeré. Bí mo ṣe jí fún ìrun àsùbáà ni mo rántí pé mi ò fa ìbòrí táǹkì bò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀. Omi ti kún dé ẹnu, àwọn àrọ̀ mi sì dákẹ́ sí ìsàlẹ̀.

Mo kán oògùn àyẹ̀wò sínú ìgò kékeré. pH, ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan sí (bó ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i), tó wà ní 7.2 ní Ọjọ́bọ̀ ti já sí 6.4. Omi òjò ò ní ẹfun nínú. Tó bá ti pọ̀ jù, omi táǹkì á kan. Amóníà, èròjà tó ń jáde láti inú ìdọ̀tí ẹja àti oúnjẹ tó ń jẹrà, náà hàn, nítorí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ àná ṣì kù nílẹ̀.

Ó ń ṣe mí bíi kí n da gbogbo omi náà nù. Mi ò ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí omi ń rùn, mo fà á gbẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri kọnkéré náà títí ohun yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn fi tán, mo sì pọn omi kànga tútù sí i lọ́sàn-án gangan. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹja 41 ti léfòó. Mo rò pé ìmọ́tótó ni mo ń ṣe. Ohun yíyọ̀ yẹn gan-an ni ilé àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí àwọn mìíràn sì ń sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kì í ṣe ẹja ní jàǹbá tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ wọ́n dànù. Ó ṣì ń dùn mí.

Àrọ̀ náà máa ń tan ni jẹ. Ó lè yọrí mí sókè nígbà tí afẹ́fẹ́ inú omi ti tán, ẹni tó ń wò ó á ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ amóníà ti ń jó o lára.

Lónìí, mi ò fún wọn lóúnjẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni mo fà jáde, mo fi omi kànga tó ti sùn mọ́jú nínú dírọ́ọ̀mù dípò rẹ̀, kí òtútù méjèèjì lè dọ́gba. Alfa tó ń sin ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n wọ́n ẹfun sí i, kí pH lè gòkè kíá. Ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń bà mí. Nínú omi tó kan, púpọ̀ nínú amóníà ò lè pa ẹja. Tí pH bá gòkè lójijì, amóníà kan náà á di májèlé. Mo kúkú so àpò ìkarahun ìgbín rọ̀ sínú omi. Ẹfun inú rẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Màámi, tó wá kí wa láti Ọ̀fà, ń wò mí. Wọ́n ní ta ló ń yẹ omi wò fún ẹja odò?

Mo ní, “Màámi, odò ń ṣàn, ẹ wo Asà. Ó ń gbé ìdọ̀tí wọn lọ. Àwọn tèmi yìí, ibi tí wọ́n ti ń jẹun náà ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí.”

Wọn ò fèsì.

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pH ti dé 6.7. Àyẹ̀wò àárọ̀ ọ̀la ni màá gbára lé, torí tí oòrùn bá ti ràn, ewé inú omi máa ń gbé e sókè. Tó bá di òru, á tún wálẹ̀.

Ojú ọ̀run tún ti ń ṣú. Nígbà tí mo jáde láti lọ fa ìbòrí, Màámi ti fà á bò, wọ́n sì ti ta okùn rẹ̀ ní kókó méjì.