Bàlúù Tí Kì Í Fò Ló Máa Ń Yá Bàjẹ́

Láti ìgbà tí pápákọ̀ òfurufú Gateway ti wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ìbéèrè tí àwọn ẹ̀gbọ́n tó rí já jẹ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ máa ń bi mí ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ pé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfurufú ni mo lọ kọ́ ní Zaria, ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀rù kì í bà mí láti wọ ohun tí mo ti tú palẹ̀ rí. Ní báyìí, wọ́n ń béèrè bí wọ́n ṣe lè ní bàlúù kékeré oníjòókòó méjì tàbí mẹ́rin, tí wọn yóò máa fi gbafẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. N kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Mo máa ń bi wọ́n padà pé, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni ẹ ó máa gbé e fò? Bí ẹnì kan bá dá mi lóhùn pé ìgbà Iléyá àti ìgbà Kérésìmesì ni, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi owó náà ra ilẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ́ńjìnnì Lycoming ló wà nínú ọ̀pọ̀ bàlúù kékeré tòkunbọ̀, bíi Cessna 172 àti Piper PA-28. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, kamuṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń ṣí fáàfù, wà lókè kíránkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kò rì sínú ọ́ìlì. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ọ́ìlì ń ta sí i lára. Bí a bá ti pa á, ọ́ìlì yóò máa ro sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí irin náà yóò fi wà níhòòhò. Ní ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ rin bíi tiwa, tí aṣọ tí a sá kì í tètè gbẹ nígbà òjò, kì í pẹ́ kí ìpẹtà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní hàn síta. Ọjọ́ tí bàlúù bá tún gbéra ni èérún irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára kamuṣáàfù, tí yóò sì bá ọ́ìlì yí gbogbo inú ẹ́ńjìnnì ká. Nítorí náà ni mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ṣe máa ń gé fílítà ọ́ìlì tó bá yọ, tí yóò tú bébà inú rẹ̀, tí yóò sì fi mágínẹ́ẹ̀tì wá irin nínú ìdọ̀tí ibẹ̀.

Àwọn kan gbà pé bí ọmọ iṣẹ́ bá ń sítáàtì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kàkà kí ìyẹn ràn án lọ́wọ́, ìpalára ló ń ṣe. Epo tó ń jó máa ń mú omi jáde, díẹ̀ nínú omi náà a sì wọ inú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì kò bá gbóná dé nǹkan bí 75 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí wákàtí kan, omi náà kò ní gbẹ, yóò sì pa pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí di ásíìdì. Òfurufú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ti lè gbóná dáadáa bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì pàápàá, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí 50 bí ó bá ní fílítà, tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Apá kejì yẹn ni àwọn olówó kì í kà: oṣù mẹ́rin ni oṣù mẹ́rin, ì báà jẹ́ pé bàlúù náà kò kúrò lójú kan.

Àwọn ẹ̀dá mìíràn tún wà tí wọ́n fẹ́ràn bàlúù tó dúró sójú kan. Ẹyẹ a kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, koríko gbígbẹ yóò sì wà lórí irin tó fẹ́ gbóná. Aláǹgbá a wọ inú ìyẹ́. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé. Pitot, ọ̀pá oníhò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí awakọ̀ lè mọ bí eré òun ṣe tó, gba agbọ́n yìí bí ẹni pé tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ní oṣù kejì ọdún 1996, bàlúù ńlá Birgenair kan gbéra ní Puerto Plata ní Dominican Republic lẹ́yìn tí ó ti dúró sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsí ìbòrí lórí pitot rẹ̀. Òǹkà eré tó ń fara hàn fún awakọ̀ kì í ṣe òótọ́, bàlúù náà já sínú òkun, ènìyàn 189 sì kú. Àwọn olùwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé agbọ́n ló dí ihò náà. Ìbòrí aláwọ̀ pupa tí a ń fi bo pitot kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ rántí láti yọ ọ́ kí ẹ tó fò.

Ọ̀rọ̀ epo ló yẹ kó sọ irú bàlúù tí ẹnì kan yóò rà, ṣùgbọ́n àwòrán ni púpọ̀ nínú wa fi ń yan bàlúù. Epo tí wọ́n ṣe Lycoming fún ni avgas 100LL, ìyẹn bẹntiróòlù bàlúù, tó ní òjé nínú, tí wọ́n sì pa láró búlúù kí a lè dá a mọ̀. Ó ṣòro láti rí ní Nàìjíríà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú wa ni Jet A-1, irú kẹrosíìnì kan. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì bu Jet A-1 sínú tánkì ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, bẹntiróòlù tó ṣẹ́ kù nínú páìpù lè gbé bàlúù náà kúrò nílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì wá kú ní kété tó bá kọjá orí igi. Nítorí náà, ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lè wá Diamond DA40 tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì dísù sí, nítorí Jet A-1 gan-an ló ń lò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè wá bàlúù fúyẹ́fúyẹ́ tó ní ẹ́ńjìnnì Rotax 912, èyí tó gba bẹntiróòlù mọ́tò.

Àmọ́ bẹntiróòlù mọ́tò wo? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, gbogbo wa rí ohun tí bẹntiróòlù tí methanol, irú álíkọ́ọ̀lù kan, pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe fún mọ́tò káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Mọ́tò tó kú lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bàlúù kò rí ẹ̀gbẹ́ títì yà sí. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, ẹ sàmì síbi tí omi náà dé, ẹ da bẹntiróòlù lé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó fara balẹ̀. Bí omi bá ga ju àmì náà lọ, álíkọ́ọ̀lù wà nínú epo yẹn, ó ti yọ́ mọ́ omi. Ẹ má ṣe bu ú sí bàlúù.

Omi lásán pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá. Bí tánkì bá wà láìkún mọ́jú, ìrì a sẹ̀ nínú rẹ̀, omi náà a sì wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ nítorí ó wúwo ju epo lọ. Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mi bàlúù náà, ẹ fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tánkì sínú ìgò, kí ẹ gbé e sókè wò. Ẹ rọra o: bí gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà bá jẹ́ omi, kò ní sí ìlà láàárín méjì tí ẹ óò rí, yóò kàn mọ́ gaara ni. Ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Ìwọ̀n ẹrù ni àwọn ènìyàn wa máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ jù. Cessna 152, oníjòókòó méjì, kò gbọdọ̀ wúwo ju 757 kílò lọ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Òfìfo rẹ̀ a máa lé díẹ̀ ní 500 kílò, epo tó kún tánkì rẹ̀ sì tó nǹkan bí 67 kílò. Ohun tó kù fún ènìyàn méjì kò ju nǹkan bí 180 kílò lọ, láìtíì ka báàgì. Àgbà Ìjẹ̀bú méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀, kí a tó wá sọ ti gààrí tí ẹnì kan fẹ́ bá wọn fi ránṣẹ́. Oòrùn tún wà níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kì í gbé bàlúù dáadáa. Gbogbo ìwọ̀n Celsius kan tí ooru bá fi ju ìlànà lọ, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí àwọn oníbàlúù fi ń ṣe ìṣirò, bàlúù a máa ṣe bí ẹni pé ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 120 ga sí i. Ọjọ́ tí ooru bá dé 32 ní Rẹ́mọ, tí 15 sì jẹ́ ìlànà ní etí òkun, bàlúù yín yóò máa ṣe bí èyí tó fẹ́ gbéra lórí òkè tó ga ní nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ẹ wà. Yóò sáré pẹ́ nílẹ̀, yóò sì lọ́ra láti gòkè.

Ní ti ojú ọjọ́, ọyẹ́ ló ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí òjò kì í rọ̀, ojú ọ̀run a sì dà bí èyí tó mọ́ bí a bá wò ó láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú wa bàlúù gbọ́dọ̀ lè ríran jìnnà tó kìlómítà 5, eruku ọyẹ́ sì lè jẹ ẹ́ kù díẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ bí a ṣe ń fi òǹkà iwájú awakọ̀ nìkan wa bàlúù kò gbọdọ̀ wọ inú ìkùukùu rárá, nítorí omi inú etí ènìyàn a máa parọ́ fún un pé bàlúù dúró gbọọrọ nígbà tó ti ń dojú kọ ilẹ̀. Ìjì oṣù kẹta sí ìkarùn-ún a máa ti ìlà oòrùn wá pẹ̀lú ìkánjú. Bí apá Ìjẹ̀bú-Igbó bá ti ṣú, ẹ jẹ́ kí bàlúù wà nínú ilé. Ohun kan tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé yìnyín lè dì nínú kabùrétọ̀ ní ilẹ̀ olóoru yìí. Afẹ́fẹ́ tó rin a máa tutù bí epo ṣe ń di oru nínú kabùrétọ̀ náà, pàápàá nígbà tí a bá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa ọwọ́ tó ń darí afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Òfin kò le láti lóye. NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣòfin ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ló ń fọwọ́ sí bàlúù, awakọ̀ àti mẹkáníìkì, ìwé àṣẹ tí wọ́n sì fún bàlúù àdáni kò fàyè gba kí a gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. NAMA, àjọ ìjọba mìíràn, ló ń darí òfurufú, ti Èkó sì súnmọ́ wa débi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbéra láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Nípa ẹ̀gbọ́n tó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè fò kọjá lórí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kí àwọn ẹlẹ́ṣin gbójú sókè rí òun: rárá, sà. Lórí àpéjọ ènìyàn, láìsí àṣẹ, bàlúù gbọ́dọ̀ fi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ohun tó ga jù lọ láàárín 600 mítà sí i, ẹṣin kò sì fẹ́ràn ariwo ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí mo máa ń dá lábàá fún wọn ni pé kí wọ́n má dá a rà. A ti mọ bí régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí ní Ìjẹ̀bú, ṣe ń dáwó. Kí ẹni mẹ́rin tó gbọ́ra wọn yé ra ẹyọ kan, yóò máa fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kamuṣáàfù rẹ̀ yóò sì máa rí ọ́ìlì. Kí owó oṣooṣù bójú tó ilé bàlúù, ìbánigbófò àti àyẹ̀wò ọdọọdún. Kí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá fò sì ní iye tirẹ̀, tí apá kan nínú rẹ̀ yóò máa wọ àpò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, nítorí àwọn tó ṣe é ní kí a tú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lycoming palẹ̀ nígbà tó bá pé wákàtí 2,000 tàbí ọdún 12, owó ọjọ́ náà kì í sì í ṣe kékeré. Kí ẹni tó bá rí àléébù kọ ọ́ sínú ìwé bàlúù, kí bàlúù má sì kúrò nílẹ̀ títí mẹkáníìkì yóò fi bu ọwọ́ lù ú, ẹni yòówù kí àyẹyẹ rẹ̀ máa dúró dè é. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Òdogbolú ti rí ẹni méjì báyìí, wọ́n sì ń wá ẹni kẹrin. Mo ti sọ fún un pé kí ó má ṣe mú ẹni tó ń gbé ní Lọ́ndọ̀nù.