Kí ẹ tó tan kernel tuntun, ẹ wo GCC yín

Driver Wi-Fi mi (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lo Wi-Fi) kò sí nínú Linux fúnra rẹ̀. DKMS, ètò tó ń tún irú driver bẹ́ẹ̀ kọ́, ló ń bá mi kọ́ ọ láti inú source code nígbàkigbà tí kernel tuntun (ọkàn Linux, tó ń darí ẹ̀rọ) bá wọlé. Kò já mi kulẹ̀ rí, ọkàn mi sì ti balẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, mo ṣe àpdéètì lálẹ́ ọjọ́ kan, kernel kúrò ní 6.2, ó di 6.5. Ilẹ̀ mọ́, mo tan láptọ́ọ̀pù, kò sí Wi-Fi. Iṣẹ́ oníbàárà ti parí, ọ̀nà tí n ó fi rán an ni kò sí.

Driver ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i, pàbó ló já sí. Nígbà tí mo ṣí make.log tí DKMS fi sílẹ̀ ni mo rí i: gcc, ètò tó ń sọ source code di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, ní òun kò mọ àṣẹ -ftrivial-auto-var-init=zero. GCC 12 ló kọ́kọ́ mọ àṣẹ yẹn, òun ni wọ́n sì fi kọ́ kernel tuntun náà. GCC 11 ló wà lórí ẹ̀rọ mi. Àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ kernel ni wọ́n fi ń kọ́ module tó máa wọ inú rẹ̀, irú bí driver mi.

Àwọn tó ń kọ Linux kì í fẹ́ kí ètò tí à ń lò lójoojúmọ́ bàjẹ́ nítorí kernel tuntun. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣèlérí kankan fún module tó wà lẹ́yìn òde. Wọ́n lè yí function kernel tí module ń pè padà nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí vermagic, àmì tó ń sọ kernel tí wọ́n kọ́ ọ fún, fi wà lára module (àṣẹ modinfo á fi hàn yín). Bí kò bá bá kernel mu, kernel á kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi modprobe --force tì í wọlé: gbogbo ẹ̀rọ lè dákú, fáìlì yín sì lè bá a lọ.

Kernel àtijọ́ ló gbà mí. Mo yan 6.2 nínú GRUB, ibi tí a ti ń yan kernel nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, Wi-Fi dé, mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mo wá fi gcc-12 sí i, mo sì ní kí DKMS tún module kọ́ fún 6.5.

Nísinsìnyí, kí n tó tún ẹ̀rọ tàn lẹ́yìn àpdéètì, mo máa ń wá CONFIG_CC_VERSION_TEXT (tó ń sọ GCC tí wọ́n fi kọ́ kernel) nínú fáìlì config kernel tuntun ní /boot, mo fi wé gcc --version, mo sì wo dkms status bóyá module ti wà fún un. Kernel àtijọ́, n kì í pa á rẹ́ títí tuntun yóò fi lo ọ̀sẹ̀ kan.