Kí a tó há àtẹ ọ̀rọ̀ agbàsọ sórí

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ agbàsọ, ìyẹn bí a ṣe ń ròyìn ohun tí ẹlòmíràn sọ, nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì, àtẹ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún un: "will" di "would", "can" di "could", "tomorrow" di "the next day". Kò sí irọ́ nínú àtẹ náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọlé ni, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ló fa gbogbo ìyípadà wọ̀nyí: ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ti bọ́ sẹ́nu ẹni tó ń ròyìn.

Ká ní ọkùnrin kan sọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé, "I will bring my book here tomorrow." Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ níbòmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun tí n ó kọ ni "He said that he would bring his book there the next day." Èmi kọ́ ni mo ni ìwé, n kò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀la tó ń wí sì ti kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọjọ́ Mọ́ńdè náà gan-an ni mo ròyìn, tí mo sì ṣì wà lójú kan náà, "here" àti "tomorrow" kò ní ìdí láti yẹ̀. Òtítọ́ tí kì í yí padà náà lè dúró bẹ́ẹ̀: "She said that the earth goes round the sun." Àwọn kan máa ń fi dandan lé e pé "went" ló yẹ kó jẹ́, "went" kò burú, àmọ́ kì í ṣe dandan.

Àwa tó ń sọ Yorùbá kì í fọwọ́ kan àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe bí a bá ń gba ọ̀rọ̀ sọ. "Mò ń bọ̀" di "ó ní òun ń bọ̀", "òun" yẹn sì ti jẹ́ kó yé ènìyàn pé ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń bọ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. "He said he was coming" lè tọ́ka sí ẹni méjì, nítorí náà ó sàn kí a dárúkọ ẹni tó ń bọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dojú rú.

Ìbéèrè ló le jù. Nítorí pé a máa ń sọ pé "ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun", a máa ń gbọ́ "He asked me that have I eaten" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí tó tọ̀nà ni "He asked me if I had eaten", láìsí "that", láìsí àmì ìbéèrè, olùwà sì ti padà síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní ti "Where are you going?", "níbo ni mò ń lọ" ló ń ṣini lọ́nà, tí a fi ń sọ pé "He asked where am I going". Bí a bá fi "ó béèrè ibi tí mò ń lọ" sọ́kàn, "He asked where I was going" yóò jáde wẹ́rẹ́.

Àṣẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu, nítorí pé "kí" tiwa àti "to" tiwọn ń ṣe iṣẹ́ kan náà: "ó ní kí n má dúró" ni "He told me not to wait."