Búrẹ́dì gbígbẹ tí mo fẹ́ dà nù

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ́jú ìyá àgbà kan ní Glendale, létí Los Angeles, níbi tí àwọn ará Armenia pọ̀ sí gan-an. "Tatik" ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ìyá àgbà ni ìtumọ̀ rẹ̀, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Mo gba àyè lẹ́nu wọn kí n tó kọ èyí.

Ní oṣù àkọ́kọ́, nǹkan kan máa ń bí mi nínú. Lavash, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ, kì í tán nílé ìdáná. Èyí tó bá gbẹ, Tatik á tò ó jọ, wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, wọ́n á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní ogbó ló dé. Lọ́jọ́ kan tí mò ń tún ilé ṣe, mo kó gbogbo rẹ̀ dà sínú àpò ìdọ̀tí. Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n tẹ ọ̀pá dé ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi ẹnu kò ó kí wọ́n tó gbé e sórí tábìlì.

Ojú tì mí. Mo ní kí ọmọ-ọmọ wọn bá mi túmọ̀: "Tatik, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ti ń tọ́jú búrẹ́dì báyìí?"

Ìbéèrè yẹn ló tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ yìí, tí wọ́n bí sí Glendale, ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n sọ ìtàn ìgbà tí ilẹ̀ mì. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ: "Ó burú. Ó ti kọjá." Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé pé kí ẹ fi ìtàn sílẹ̀ ná. Ìṣe wọn tó ń bí yín nínú yẹn, ẹ bi wọ́n pé níbo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gyumri ni ìlú wọn. Leninakan ló ń jẹ́ nígbà tí Armenia ṣì wà lábẹ́ Soviet Union. Ní 7 Oṣù Kejìlá 1988, ní aago 11:41 àárọ̀, ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Ìlú Spitak fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ pátápátá. Ní Leninakan, ọ̀pọ̀ ilé alájà mẹ́sàn-án ló wó lu àwọn tó wà nínú wọn. Nǹkan bí 25,000 ènìyàn ló kú. Iṣẹ́ òru ni Tatik ṣe nílé iṣẹ́ aṣọ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì yà tò fún búrẹ́dì kí wọ́n tó wọlé. Ilé wọn wó. Ọkọ wọn ò jáde.

Wọ́n rí ìkòkò ńlá kan nínú àwókù, wọ́n fi pákó ilẹ̀kùn dáná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í se omi fún àwọn tó ń fọwọ́ lásán wa òkúta. Ọmọ aládùúgbò méjì tí kò rí òbí wọn mọ́, wọ́n kó wọn mọ́ ọmọkùnrin tiwọn. Inú "domik" ni wọ́n ń gbé, ilé kóńkó tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn di ọdún mọ́kànlá.

Ìyà tún kù. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Metsamor ní 1989, nítorí ìbẹ̀rù pé ilẹ̀ tún lè mì. Soviet Union tú ká ní 1991, ogun Karabakh ń jà láàárín Armenia àti Azerbaijan, Azerbaijan àti Tọ́kì ti ààlà wọn pa. Kí Metsamor tó tún ṣí ní 1995, ọ̀pọ̀ ilé ni kì í rí iná ju wákàtí kan tàbí méjì lọ lójúmọ́. Àwa tí a dàgbà sínú òkùnkùn NẸ́PÀ, a ò mọ òkùnkùn tó ní yìnyín nínú. Búrẹ́dì tí wọ́n bá rí gbà, Tatik á gé e sí mẹ́ta fún àwọn ọmọ, wọ́n á ní àwọn ti jẹ tiwọn níbi iṣẹ́. Kò sì sí iṣẹ́ kankan mọ́.

Ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ wọn ti dákẹ́, kò lè túmọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta yẹn.

Mo ṣe àṣìṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbé fóònù kalẹ̀ síwájú wọn láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sùn. Nísinsìnyí, ìgbà tí a bá jọ ń di ẹran àti ìrẹsì sínú ewé àjàrà, tolma tí wọ́n fẹ́ràn, ni mo máa ń bi wọ́n. Bí ọwọ́ wọn bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ á máa bọ̀. Bí ọwọ́ bá dúró, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn àti àdúgbò sínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sùn. Ẹ má sì pe wọ́n ní akọni lójú wọn. Ọmọ-ọmọ wọn pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, inú bí wọn: "Àwọn tó wọ abẹ́ òkúta ni akọni. Omi ni èmi sè."

Ìyá àgbà tèmi ní Ìjẹ̀bú máa ń kó iyọ̀ pamọ́ sínú ìkòkò lábẹ́ ibùsùn. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti lọ ní 2009, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n rí.

Bí mo bá dé pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, Tatik á gbọ́wọ́ lé mi léjìká: "Tsavt tanem." Ó túmọ̀ sí pé, jẹ́ kí n bá ọ gbé ìrora rẹ.

Búrẹ́dì gbígbẹ ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni mò ń wọ́n omi sí i báyìí, màá fi aṣọ bò ó, kò ní pẹ́ tí á fi rọ̀. Tatik á ya apá tó tóbi jù, wọ́n á tì í síwájú mi. N kì í fọwọ́ kàn án títí màá fi bi wọ́n pé, "Tatik, ṣé ẹ ti jẹ tiyín?" Bí wọ́n bá sì ní àwọn ti jẹ, màá jókòó tì wọ́n títí màá fi fojú mi rí i pé wọ́n jẹ ẹ́.